Àdéhùn Èmi àti Orrin Nípa Irọ́ Pípa

Ohun tí dókítà yìí bá kọ lónìí ni ìjọba yóò fi mọ bí ogun ṣe ba ẹsẹ̀ Orrin ọkọ mi jẹ́ tó.

A ti ṣàdéhùn nínú ọkọ̀: bí Orrin bá ti ń purọ́, màá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

“Bàbá, ṣé ojúgun ń ta yín?”

“Díẹ̀ báyìí ni, sà.”

Díẹ̀ kẹ̀! Ẹni tó ń ké láràárọ̀ pé iná ń jó òun!

Mo ń kọrin sínú: Olúwa, là á lẹ́nu o, là á lẹ́nu.

“Ṣé ẹsẹ̀ náà máa ń kú, tí ẹ ò ní mọ̀ bí nǹkan bá kàn án?”

“Rárá, sà! Ẹsẹ̀ sójà ni!”

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yíjú sí mi.

“Màmá, ẹ ò sọ̀rọ̀?”

“Dókítà, láti ìbéèrè àkọ́kọ́ ni mo ti fi gìgísẹ̀ bàtà mi tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Mi ò tíì gbé e kúrò.”

Orrin wolẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti rin bàtà rẹ̀.

“Luvenia, ìgbà wo lo tẹ̀ mí?”