Oògùn Ẹ̀yìn Ọrùn Ológbò Màmá Mi

Màmá mi ń fà mí lọ́wọ́ kọjá níwájú ọjà Ìlá. Ológbò rẹ̀ wà nínú apẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pè láti Ìbàdàn. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń kán oògùn eégbọn sí ológbò lẹ́yìn ọrùn, pé tó bá pọ̀ jù, ó lè pa á.

Èmi sì ń gbé ológbò náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran fún oògùn yẹn ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

Ọwọ́ dókítà tó ń ya irun ọrùn rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ báyẹn, ta ni ò ní jowú ológbò?

A débẹ̀. Dókítà Fàrúkù tẹríba.

"Má tíì kí mi," ni màmá mi wí. "Ṣé o fẹ́ pa ológbò mi ni?"

"Rárá o, mà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni mo kán oògùn sí i. Omi ni gbogbo ìyókù."

"Omi? Nítorí kí ni?"

Ó ń wolẹ̀. "Kí Fáòsíátù lè máa padà wá ni, mà."

Èmi ni Fáòsíátù yẹn.

Màmá mi yíjú sí mi. "O ò gbọ́ nǹkan? Ó ti ń tàn ẹ́ látọjọ́ yìí. Ọmọ mi tí ò mọ nǹkan kan."

Mo fi híjáàbù bojú bí ẹni tó fẹ́ sunkún.

Ẹ̀rín ni mo ń rín níbẹ̀.

Páálí oògùn ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Kí n tó délé lọ́jọ́ náà ni mo ti kà á tán: ẹ̀ẹ̀kan péré lóṣù.