Pílásítà Apá Gbajúmọ̀

Ọdún kan náà ni wọ́n bí Télọ̀ àti Gbajúmọ̀. Òpópónà kan náà ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, aṣọ ni àwọn méjèèjì sì ń rán. Gbajúmọ̀ kì í ṣe orúkọ àbísọ. Télọ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀, láti fi í ṣẹ̀sín, nígbà tí àwọn oníwàádìí bẹ̀rẹ̀ sí í wá.

Lọ́dọọdún ni wọ́n ń wá. Wọ́n fẹ́ mọ bí àìsàn ọpọlọ ṣe ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn nínú ìdílé. Wọ́n á bi Gbajúmọ̀ bó ṣe ń sùn, wọ́n á bi í bóyá ará ilé rẹ̀ kan máa ń sunkún láìnídìí, wọ́n á gbẹ̀jẹ̀ lápá rẹ̀, wọ́n á lẹ pílásítà mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Gbajúmọ̀ fi ń ká apá aṣọ sókè.

"Wọ́n tún dé lánàá o," ló wí lọ́dún yìí. "Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn ò lè lọ láìsí èmi."

"Ti ẹ̀fọn náà ò lè lọ láìsí ẹ," ni Télọ̀ fèsì.

Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó gé apá ẹ̀wù oníbàárà kan kúrú ju èkejì lọ. Nígbà tó dé yàrá, ó lẹ pílásítà mọ́ apá ara rẹ̀, ó wò ó nínú dígí, ó sì ṣí i kúrò.

"Kí ló ní tí mi ò ní?" ló bi ìyàwó rẹ̀ lówùúrọ̀. "Ṣé orí tèmi ni ò pé ni?"

Ìyàwó gbé omi àti oògùn fún un, hóró méjì, bó ti ń ṣe láti ọdún tí Télọ̀ ti lọ sinmi fún oṣù mẹ́ta.

"Baálé mi, ẹ fọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀."

"Bí wọn ò bá kọ orúkọ mi lónìí, èmi àti Gbajúmọ̀ ò kí ara wa mọ́ láyé."

Ó wọ ẹ̀wù tó dára jù, ó gba ọ́fíìsì àwọn oníwàádìí lọ. Obìnrin kan jókòó ti kọ̀ǹpútà.

"Ọjọ́ orí wa dọ́gba," ni Télọ̀ wí. "Òpópónà kan náà. Iṣẹ́ kan náà. Kí ló fa ojúsàájú?"

Obìnrin náà ní kó mú káàdì ọsibítù rẹ̀ wá. Ó fún un ní èyí tó gbà nígbà ìsinmi. Obìnrin tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ó wò ó títí, ó wá fa àga fún un.

"Bàbá, kò sí ojúsàájú níbẹ̀ o," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin la kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ láti inú fáìlì ọsibítù, nígbà tẹ́ ẹ buwọ́ lùwé fún wa níbẹ̀, inú fáìlì náà la sì ti ń rí tiyín láìwá sílé, lẹ́yìn yín la tó wá ẹni tí ọjọ́ orí ẹ̀, òpópónà ẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀ bá tiyín mu, àmọ́ tí àìsàn náà ò ṣe rí, ká lè máa fi wé yín."