Orúnkún Màmá Láwùmí

Ní oṣù kejì ọdún 1996, dókítà kan ní ilé ìwòsàn Jericho gbé fọ́tò eegun Màmá Láwùmí sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó sì fi gègé tọ́ka sí orúnkún méjèèjì. Làkúrègbé ti jẹ ohun rírọ̀ tó yẹ kó wà láàrin eegun. Eegun ń ha eegun.

"Ẹ ó máa rìn dáadáa, Màmá, tí ẹ bá gbọ́ràn," ni dókítà wí. "Ìkúnlẹ̀ nìkan ni kí ẹ gbàgbé. Ọlọ́run ń gbọ́ tẹni tó jókòó."

"Mo fẹ́ kúnlẹ̀," ni Màmá dáhùn.

Theophilus ọmọ rẹ̀, tó dúró sẹ́yìn àga, ní ohunkóhun tó bá gbà, òun á ṣe é.

Ó nídìí tó fi wí bẹ́ẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí òun àti Olúkẹ́mi ti ṣègbéyàwó, igbe ọmọ kò tíì sọ nínú ilé wọn ní Bódìjà. Wọ́n ti gbààwẹ̀, wọ́n ti gbé omi àdúrà mu títí. Nígbà tó yá, wólíì ìjọ wọn ní Agbowó bi í léèrè bóyá ìyá rẹ̀ ti fi ìkúnlẹ̀ bá a tọrọ ọmọ rí.

"Ẹnu abiyamọ tó bíni, lórí ìkúnlẹ̀, nínú ilé Olúwa," ni wólíì wí. "Arákùnrin, ohun tó bá wí níbẹ̀, ta ni yóò dá a padà?"

Theophilus délé, ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ fún ìyá rẹ̀. Màmá ń ṣa ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Ó ṣa á tán kó tó gbójú sókè.

"Màá kúnlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ," ló wí. "Orúnkún mi ni kò gbà."

Láti ọdún mẹ́ta tí Adétutù, àbúrò Theophilus, ti kú sórí ìkúnlẹ̀, Màmá kò bá a sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Theophilus wọ yàrá lọ, ó sunkún ayọ̀.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Dókítà ní kí Màmá fọn díẹ̀, torí pé ẹrù ara wà lórí orúnkún. Olúkẹ́mi gbé ẹran àti dòdò kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀. Ó ń ra ẹja àti ẹ̀fọ́ lọ́jà Bódìjà. Oògùn tó ń jẹ́ kí wíwú fà, ẹ̀yìn oúnjẹ ni wọ́n ń lò ó.

"Màmá, ẹ ò tiẹ̀ bèèrè pọ̀nmọ́?" Olúkẹ́mi ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí ẹ ń bá alápatà wọ̀yá ìjà!"

"Gbé ẹja mi wá, jàre."

Láràárọ̀, Màmá á na gbalaja sórí ẹní, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á dá a dúró títí Olúkẹ́mi á fi ka ẹẹ́wàá. Lẹ́yìn náà á jókòó, á dìde, á tún jókòó, láìfọwọ́ ti àga. Nígbà òjò tí òtútù mú, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń gé ètè jẹ.

"Ẹ fi mọ síbẹ̀ lónìí, Màmá. Ẹ ò lọ sójú ogun."

"Máa kà."

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ rí dókítà, Theophilus á ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, Màmá á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Dókítà ní kí n máa rìn."

Lọ́jọ́ kan ó rọra wà tẹ̀lé e. Ní oríta, ìyá rẹ̀ dá takisí dúró, ó wọ̀ ọ́. Theophilus sọ fún Olúkẹ́mi, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí. Arúgbó kì í kúkú ṣe ẹni à ń yẹ̀ wò.

Ní oṣù kẹsàn-án, Màmá di ibùsùn mú, ó kúnlẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, kò di nǹkan kan mú mọ́. Dókítà pàtẹ́wọ́, ó ní Màmá ti sọ òun di òpùrọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìjọ kún fọ́fọ́. Màmá Láwùmí, nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, rìn dé iwájú pẹpẹ láìsí ẹni tó dì í mú. Theophilus gbé tìmùtìmù síbẹ̀ fún un. Ó fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì. Àwọn obìnrin bú sẹ́kún. Wólíì lu aago.

"Abiyamọ fẹ́ sọ̀rọ̀! Kí gbogbo ìjọ fi Àmín gbè é!"

Theophilus dọ̀bálẹ̀, Olúkẹ́mi kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú omijé. Màmá gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí.

"Ọlọ́run tó rí mi lórí ìkúnlẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bí Theophilus!"

"Àmín!"

"Tó mọ iye ọdún tí mo fi ọyàn yìí wò ó!"

"Àmín!"

"Lọ́jọ́ Ẹtì tí Adétutù ń rọbí," ni Màmá wí, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, "tí Theophilus ní mọ́tò tuntun òun kò ní gbé ẹlẹ́jẹ̀ kí wólíì tó ya mọ́tò náà sí mímọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ìyá àti ọmọ fi kú mọ́ mi lọ́wọ́, bí ẹ̀jẹ̀ wọn bá ń ké pè ọ́ láti inú ilẹ̀, Olúwa, má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan pe ọkùnrin yìí ní Bàbá títí wọn ó fi sin ín," Theophilus, tó ti di ojú pinpin láti gba ìbùkún, sì ti bá gbogbo ìjọ pariwo Àmín kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ ọ́ létí.