Ẹkún Tó Wu Ayafọ́tò

“Sọ fún màmá yẹn kó tún sunkún! Ti àkọ́kọ́ yẹn ò jáde dáadáa.”

Ayafọ́tò ló ń pàṣẹ bẹ́ẹ̀ létí ibojì tuntun kan, ní erékùṣù àárín odò. Ó ti ya àwọn ará abúlé mẹ́fà lórí òkè kó tó débí, kò sì sí èyí tí kò yínmú sí. Èdè erékùṣù yìí ò yé e, atukọ̀ tó gbé e wá ló ń ṣe ògbufọ̀ fún un.

Atukọ̀ bá ìyá arúgbó náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ìyá di ọwọ́ atukọ̀ mú, ó sì dá a lóhùn.

“Kí ló wí?”

“Wọ́n ní omi ojú àwọn ti gbẹ, sà.”

Ayafọ́tò pòṣé. “Ará oko! Òkúta sàn jù wọ́n lọ. Ìwọ náà, kúrò níbẹ̀, ò ń ba fọ́tò mi jẹ́.”

Atukọ̀ ò mira.

“Ṣé etí rẹ di ni? Òkú ta tiẹ̀ ni?”

“Bàbá mi ni, sà. Ibi ìsìnkú wọn ni mo ti ń bọ̀ láàárọ̀, nígbà tẹ́ ẹ ní kí n gbé yín.”

Ìyá fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, omijé sì bọ́ lójú atukọ̀.

Kíá ni ayafọ́tò gbé kámẹ́rà sójú. “Má nu ojú o! Má nù ún!”