Ẹ̀kán Àbẹ́là Mẹ́rin

Kò dá olùkọ́ àgbà náà lójú mọ́ iye ènìyàn tí ọwọ́ wọn wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀rọ orin àtijọ́ ni, irú èyí tí ó máa ń wà ní ilé ọtí: ènìyàn á sọ owó ẹyọ sí i, á tẹ bọ́tìnnì, apá irin kan á sì mú àwo tí ó yàn. Ó ti lo ogójì ọdún ní pálọ̀ olùkọ́ náà àti ìyàwó rẹ̀, ó sì ti tó ọdún mẹ́fà tí kò ti fọhùn. Nígbà tí àkọ́bí wọn ní kí tọkọtaya náà ti ilé pa kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, bàbá ní kí ó jẹ́ kí òun tún ẹ̀rọ náà ṣe ná. Ọjọ́ tí ó bá kọrin ni àwọn yóò kó. Ọmọ gbà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìyá ti di ẹrù mẹ́rin sí ẹnu ọ̀nà yàrá.

Kò-le ni ó ń bá bàbá ṣe é. Orúkọ tí àdúgbò sọ atúnrédíò náà nìyẹn, torí pé kò sí òkú ẹ̀rọ tí wọn yóò gbé dé iwájú rẹ̀ tí kò ní wí pé, "Kò le." Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n fi fíúsì tuntun sí i, iná sì tàn lára rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, fíúsì kò sí níbẹ̀. Wọ́n fi òmíràn sí i. Ilẹ̀ tún mọ́, abẹ́rẹ́ tí ń ka àwo kò sí. Wọ́n wá abẹ́rẹ́ tuntun sí i. Bẹ́líìtì tí ń yí àwo ti gé sí méjì, ojú ibi tí ó ti gé sì mọ́ kedere.

"Bàbá, èkúté ilé yín ti kàwé o," ni Kò-le wí. "Èkúté tí ń jẹ fíúsì!"

"Èkúté kì í lo àlùmọ́gàjí."

"Ẹ kúkú tà á fún mi bẹ́ẹ̀, kí ọkàn yín balẹ̀."

Bàbá wò ó títí. Ó kọ àbùkù mẹ́ta náà sínú ìwé kékeré rẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ. Iwájú bẹ́líìtì nìkan ni ó fi àmì ìbéèrè sí.

Wọ́n fi bẹ́líìtì tuntun sí i. Bàbá ti ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà pa, ó kán àbẹ́là yíyọ́ sórí síkúrúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ní kí Kò-le má wá fún ọjọ́ méjì.

"Ẹ ń fura sí mi, àbí? Ó dáa. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀kán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti fọ́. Bẹ́líìtì tuntun tún ti gé.

Ìyá ń rẹ́ àlùbọ́sà ní ilé ìdáná.

"Ìyá ọmọ, ta ni ó dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ yẹn?"

"Ẹ̀rọ wo? Ṣé èmi ni mo wá di mẹkáníìkì lọ́jọ́ ogbó?"

"Na ọwọ́ rẹ."

Ó nà án. Àbẹ́là funfun há sí abẹ́ èékánná àtàǹpàkò rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Èmi ni. Mo rí bí ẹ ti ń gbọ̀nà ilé Kò-le láràárọ̀, mo ní ọkàn yín ti lọ sílé ọmọ nìyẹn. Torí tiyín ni mo ṣe di ẹrù. Ẹ má bínú, Bàbá ọmọ. Èmi ò fẹ́ di àlejò nílé ọmọ mi."

Olùkọ́ àgbà fa àga, ó jókòó.

"Bẹ́líìtì méjèèjì ni tìrẹ," ni ó wí, "fíúsì àti abẹ́rẹ́, èmi ni mo yọ wọ́n. Pe ọmọ rẹ, kí o sọ fún un pé a kò lọ mọ́."