Tíṣà Láàárín Àwọn Tó Ń Gbọ̀n

"Ta ni nínú yín ló ń díbọ́n?"

Tíṣà ló ń bi gbogbo èrò ìpàgọ́ ìsọjí inú igbó Kẹ̀ńtọ́kì, ní Amẹ́ríkà, tí Ẹ̀mí Mímọ́ ń mì. Orí àwọn obìnrin ń fì síwá sẹ́yìn, irun wọn sì ń dún bí pàṣán. Alàgbà Gílíspì di igi kan mú, ó ń mì jìgìjìgì. Alàgbà yìí ló sọ pé ẹni tí Ẹ̀mí Mímọ́ ò bá mì ò ní í fẹ́ Tábítà ọmọ òun, ẹni tí ọkàn tíṣà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìrètí tíṣà ni pé bí òun bá lè mú ẹlẹ́tàn kan ṣoṣo, òfin náà á wó.

"Ṣé ẹ rí ọrùn yìí?" ó ń fọ́nnu. "Ọrùn ọ̀mọ̀wé ni. Kò lè..."

Ọrùn ọ̀mọ̀wé fò sẹ́yìn, fìlà rẹ̀ fò sínú iná. Ó fẹ́ fi èdè Látìn gba ara rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ ṣe ló ń gbó bí ajá.

"Ẹ káàbọ̀ o, Tíṣà!" Ẹ̀rín ń pa Tábítà.

Tíṣà rọ̀ mọ́ igi Alàgbà bí ẹni tí odò ń gbé lọ. Bàbá náà rọra sọ̀rọ̀ sí i létí:

"Ó ti tó, àna mi. Mo ti fún ọ ní Tábítà. Má fi ọrùn ṣe é mọ́, á rọ́. Èmi náà ń díbọ́n ni; èjìká lèmi fi ń ṣe tèmi."