Ọwọ́ Adùnọlá Ti Yá

Nígbà tí Adùnọlá Akínbíyìí kọ́kọ́ jókòó ṣe ìdánwò ṣọ́ọ̀táńdì, ìyẹn ìkọ̀wé-kíákíá tí àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì fi ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀gá wọn, ìlà mẹ́ta péré ló rí kọ. Olùkọ́ wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Dùgbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Theophilus, ń ka ìwé lọ bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀ wálé. Kí ọmọbìnrin náà tó kọ ọ̀rọ̀ kan tán, òmíràn ti gun orí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó kàn di pẹ́ńsùlù mú, ó ń wo ẹnu olùkọ́.

Theophilus ò jágbe mọ́ ọn. Ó ń nu pátákó lọ bó ṣe ń sọ fún un pé ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì, kó máa bá tirẹ̀ lọ sílé.

Ẹkún ni Adùnọlá sun dé ilé wọn ní Agbówó. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá lé e, ó di Ìsẹ́yìn nìyẹn, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ òkè. Aṣọ òkè títà ò burú o, àwọn kan ti fi kọ́lé. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti fi gbogbo ọkàn sí tábìlì ọ́fíìsì, kò sì mọ ohun mìíràn tó tún lè wù ú láyé.

Bàbá rẹ̀ ló ní kó nu ojú nù. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni Bàbá Akínbíyìí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àwọn ló ń ka Bíbélì fún ìjọ láti ọdún gbọọrọ, ẹnu wọn sì yá débi pé Bàbá Rélùwéè ni àwọn ọmọ kíláàsì wọn àtijọ́ ń pè wọ́n lẹ́yìn.

"Ìwọ ṣáà kọ tèmi," Bàbá ní. "Ẹni tó bá lè kọ ọ̀rọ̀ ẹnu tèmi, kò sí olùkọ́ tó tún lè dẹ́rù bà á."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bí asọ̀rọ̀mágbèsì ara ògiri bá ti ka ìròyìn tán, Bàbá á ṣí ìwé, ojú ewé kan náà lójoojúmọ́, kó lè hàn bí ọmọ bá ń tẹ̀síwájú. Ìyá á gbé ife tíì síwájú wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Bàbá á kà á tán, tíì á ṣì máa rú èéfín, Adùnọlá ò sì tíì kọ dé ìdajì.

Ọmọ náà rò pé orí òun ò pé ni. Ó ń kọ, ó ń pa á rẹ́, ìka ń ro ó. Èyí tó wá dùn ún jù ni pé Bàbá kì í bínú sí i. Wọ́n á kàn tún ìwé náà ṣí láti òkè, wọ́n á ní ó ku ọ̀la.

Oṣù díẹ̀ kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìlà kan ṣoṣo ló fò. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ sí i, òun àti Bàbá jọ dé òpin ewé náà pọ̀. Ó wá dé ìgbà kan tó jẹ́ pé òun ló ń gbé pẹ́ńsùlù sókè dúró de ọ̀rọ̀ tó kàn. Ó wú u lórí.

"Bàbá, ọwọ́ mi ti yá."

Bàbá ní àwọn rí i. Inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi yọ lójú wọn ọ̀tún.

Ìyá nìkan ni ò bá wọn yọ̀ tọkàntọkàn. Wọ́n ní tíì ń tutù kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kàn án, pé bàbá àtọmọ ti sọ ẹ̀kọ́ di ìtàkúrọ̀sọ. Bí Bàbá bá sì wá mu ún, á kán sí àyà ṣẹ́ẹ̀tì. Bàbá ní etí ife ló sán. Ìyá ra ife tuntun.

Ìgbà yẹn náà ni àlùfáà gba Bíbélì kíkà lọ́wọ́ Bàbá, ó gbé e fún Gbádérọ̀, ọmọ àná àná tí irùngbọ̀n ẹ̀ ò tíì kún. Kò ṣàlàyé ju pé ìsìn ti ń pẹ́ jù lọ. Ó ká Bàbá lára. Gbogbo ilé gbà pé ojúsàájú ni, torí àbúrò ìyàwó àlùfáà ni Gbádérọ̀. Adùnọlá pàdé ìyàwó àlùfáà lọ́nà, ó gbójú kúrò, kò kí i.

Ọjọ́ ìdánwò kejì pé. Ọmọbìnrin náà lọ aṣọ rẹ̀, ó gbẹ́ pẹ́ńsùlù, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Theophilus la ẹnu. Kí Adùnọlá tó mí, ọ̀rọ̀ ti ya lù ú. Ìlà mẹ́ta náà ló tún rí kọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ọ́ lọ.

Ó bá olùkọ́ lẹ́yìn kíláàsì, ó ní àfi bíi pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sáré kà á ju ti àkọ́kọ́ lọ. Theophilus na ọwọ́ síta, ó fi aago hàn án, ó ní aago yìí náà lòun lò nígbà yẹn, òun ò fi ọ̀rọ̀ kan lé e. Ó bi í ta ló ń kàwé fún un nílé.

"Bàbá mi ni, sà."

"Sọ fún bàbá ẹ pé àánú kì í kọ́ ọmọ níwèé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Adùnọlá ń jẹ lẹ́nu bọ̀ títí dé Agbówó. Ó bá Bàbá nídìí tábìlì, ìwé ti wà ní ṣíṣí, tíì ń rú èéfín. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ti lé mi. Ẹ ti ń rọra kà á fún mi, ẹ ń ṣàánú mi, àánú yẹn ló sì bá tèmi jẹ́. Kí ló dé tí ẹ ò sáré kà á bíi ti ìgbà tá a bẹ̀rẹ̀?"

Bàbá wò ó, ojú òsì gbẹ, ti ọ̀tún ń ṣomi, ètè wọn ń wá ọ̀rọ̀ kiri lọ́kọ̀ọ̀kan, tíì sì ti tutù kí wọ́n tó sọ gbólóhùn náà tán: "Adùnọlá... ojoojúmọ́... sísáré... ni mò ń sáré."